Àna Mi Ará Ṣikágò àti Ẹja Orí Àpáta

Inú ń bí mi, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé kí n fọwọ́ wọ́nú. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń lé ẹja kan ṣoṣo nínú Adágún Tamarack. Ọmọkùnrin kan wá ti Ṣikágò dé, ẹni tí kò mọ orí ìwọ̀ yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀, ó sì mú ẹja náà ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tó fẹsẹ̀ tẹ ọkọ̀ mi. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí, ǹ bá gbé e mì bí ọkùnrin. Kò parí síbẹ̀.

Leland Kubiak lorúkọ mi. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bébà ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ilé wa sì wà létí adágún náà, lápá àríwá Wisconsin. Èmi àti Arlys ìyàwó mi la jọ ń gbé ibẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo la bí, Corinne, òun ló sì lọ fẹ́ Preston.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ Preston láìdáa ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, kì í mutí para, ó sì fẹ́ràn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí búrẹ́dì. Iṣẹ́ tó ń ṣe ní ọ́fíìsì, ó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lọ́pọ̀ ìgbà, kò tíì yé mi dòní. Níbí, a kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ti àwọn ará Ṣikágò tó wà nísàlẹ̀ yẹn. Ìgbà ooru ni wọ́n máa ń rọ́ dé pẹ̀lú ọkọ̀ aláriwo, wọ́n á da omi rú, wọ́n á máa béèrè ibi tí ẹja wà bí ẹni ń béèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n á sì gba ọ̀nà ilé wọn lọ.

Corinne ló bẹ̀ mí. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un lọ sórí omi. Ó ti ra kóòtù."

"Ó ti ra kóòtù," ni mo wí. "Àwọn ẹja máskì á ti gbọ́. Ara wọn á ti máa gbọ̀n."

"Dádì!"

"Mo ti gbọ́. Kó tètè jí."

Máskì kì í ṣe ẹja tí ènìyàn ń mú nítorí ebi. Òun ni ọ̀gá inú omi wa. Ó lè gùn tó ọmọ ọdún mẹ́jọ, eyín rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, ìgbéraga rẹ̀ kò sì kéré. Á tẹ̀lé ìwọ̀ rẹ dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, á wò ọ́ lójú, á yí padà, á lọ. Àwọn baba wa ní ẹgbàárùn-ún ìgbà ni ènìyàn ń ju ìwọ̀ kó tó mú ọ̀kan. Bí a bá sì mú un, a máa ń dá a padà sómi ni. Ẹni tó bá pa máskì ńlá lóde òní, kó wá ilé ọtí mìíràn lọ, nítorí Skaar tó ni ilé ọtí wa kò ní ta nǹkan kan fún un.

Èyí tí mò ń lé yìí, Ìyá Àgbà ni mo sọ ọ́. Ojú ọgbẹ́ kan wà ní ìrù rẹ̀ bí ìgbà tí eku gé etí aṣọ jẹ. Àpáta kan wà lábẹ́ omi, níwájú ilé ọkọ̀ olórùlé pupa kan létí omi, tí àwọn onílé ti pa tì. Nígbà tí ewé bá ti wọ́ tán, tí omi sì tutù dáadáa, àwọn ẹja funfun kéékèèké máa ń wá yé ẹyin sórí àpáta náà, Ìyá Àgbà á sì tẹ̀lé wọn wá jẹun. Èmi nìkan ni mo mọ̀. Mi ò sọ fún Skaar, a sì ti jọ ń ṣọ̀rẹ́ láti kékeré. Àlùfáà wa bi mí léèrè lẹ́ẹ̀kan, mo parọ́ fún un lójúkojú.

Kò sí ìmọtara-ẹni-nìkan níbẹ̀, ohunkóhun tí Arlys ìbáà sọ. Arúgbó ni ẹja náà. Bí ayé bá mọ ibẹ̀, wọ́n á mú un lónìí, wọ́n á mú un lọ́túnla, oníkálukú á gbé e sókè sínú òtútù láti ya àwòrán, ibi tó fi ń mí á dì, wọ́n á sọ ọ́ padà sómi, wọ́n á ní àwọn ti dá a sílẹ̀. Á sì rọra lọ kú sí ìsàlẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí i.

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà nígbà tí mo wakọ̀ dé orí àpáta. Preston jókòó síwájú nínú kóòtù aláwọ̀ ìyeyè tó ń dán. Ó ní, "Sà, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó wà níbí?"

"A ò ní mọ̀."

"Kí la wá máa ṣe?"

"A ó máa jù ú, a ó máa fà á. Títí ọwọ́ ẹ á fi gbàgbé pé ọwọ́ lòun."

Mo fún un ní ọ̀pá kan àti ẹja onígi tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ ọmọdé, pẹ̀lú ìwọ̀ ńláńlá lábẹ́ rẹ̀. Ó fi ìwọ̀ kọ́ kóòtù tuntun náà. Ó fi kọ́ fìlà mi. Omi dì mọ́ òrùka ara ọ̀pá, okùn kò kọjá mọ́, mo ní kó ti ọ̀pá bọ omi kó lè yọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a bọ́ sómi. Gbogbo ìgbà ló ń sọ pé "ẹ má bínú, sà, ẹ má bínú." Mo ní kó fi díẹ̀ sílẹ̀ de ọ̀sán.

Lẹ́yìn náà mo kọ́ ọ ní ohun tí ọmọ wa níbí máa ń mọ̀ kó tó mọ ìwé kà. "Wò ó. Bí o bá fa ẹja onígi yẹn dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, má yọ ọ́. Ti orí ọ̀pá bọ omi, kí o fi kọ nọ́ńbà ẹ́ìtì, kí ẹja tó bá ń tẹ̀lé e má bàa yí padà. Ẹ́ìtì ńlá, kì í ṣe ti akọ̀wé."

"Ìgbà wo ni màá kọ ọ́, sà?"

"Gbogbo ìgbà."

"Bí mi ò bá rí ẹja ńkọ́?"

"Ìwọ lo ò rí i. Òun ń rí ẹ."

Ẹ gbà mí gbọ́, ó ń kọ ọ́. Gbogbo ìgbà tó bá fà á dé, á tẹ̀ síwájú, á ti ọ̀pá bọ omi, á kọ ẹ́ìtì rẹ̀ bí ọmọ tí tíṣà dúró tì pẹ̀lú pàṣán. Èmi tí mò ń kọ́ni ńkọ́? Èjìká ń ro mí. Nígbà tí oòrùn á fi gòkè díẹ̀, mo ti ń yọ tèmi láìkọ nǹkan kan.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Mo fa ìwọ̀ mi dé, mo yọ ọ́, mo bojú wo omi. Ìyá Àgbà ló wà níbẹ̀ yẹn, ó gùn gbọọrọ, ojú rẹ̀ wà níbi tí ẹja onígi mi wà ní ìṣẹ́jú àáyá kan sẹ́yìn. Èmi ló tẹ̀lé wá! Láti ibú ló ti tẹ̀lé mi! Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó sì rí ẹ́ìtì Preston tó ń yí lọ yí bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó la ẹnu, ó sì gbá a mú.

Ǹjẹ́ ìyẹn dáa? Ẹ̀yin ẹ dá ẹjọ́ náà.

Preston pariwo. Ọ̀pá tẹ̀ kọdọrọ. Mo ní, "Má jẹ́ kí okùn rọ̀! Má ṣe fà á bí ewúrẹ́! Jẹ́ kó lọ díẹ̀! Dúró! Mo ní kí o dúró!" Omi ta sí wa lójú. Níkẹyìn, mo fi àwọ̀n mú un. Mo wo ìrù rẹ̀, mo rí ojú ọgbẹ́ náà. Mi ò yọ ọ́ kúrò nínú omi. Inú àwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ni mo ti fi ẹ̀mú yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, Preston ń sunkún.

"Sà," ló wí, "ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?"

Mo ní, "Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Ìwọ lo mú un."

Ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun ya àwòrán èmi pẹ̀lú ẹja náà, ó ní èmi ni mo ti ń wá a tipẹ́. Mo ní kó yà á, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ kí nǹkan kan hàn lẹ́yìn mi bí kò ṣe omi àti ojú ọ̀run. Gbogbo apẹja máskì ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Etí omi tó bá hàn nínú àwòrán, wọ́n á fi mọ ibẹ̀ bí ẹni mọ ojú àbúrò rẹ̀. Mo di ìdí ìrù rẹ̀ mú nínú omi títí agbára rẹ̀ fi padà dé, tó ta, tó sì lọ. Mi ò wo ibi tí fóònù Preston kọjú sí. Ẹja ni mò ń wò.

Kí a tó dé èbúté, mo mú kó fi ìyá rẹ̀ búra. "Àwòrán yìí, ìwọ, Corinne àti Arlys nìkan. O gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo lọ jẹ ẹja díndín ní ilé ọtí Skaar bí mo ṣe máa ń ṣe. Kí n tó bọ́ kóòtù ni Skaar ti na fóònù rẹ̀ sí mi lójú.

"Leland, ṣé ìwọ nìyí? Ẹni yìí ń rẹ́rìn-ín. Mo ní bóyá ẹni tó jọ ẹ́ ni."

Mo wò ó. Èmi ni, Ìyá Àgbà ni, lẹ́yìn etí mi ọ̀tún ni òrùlé pupa náà sì wà, ó mọ́lẹ̀ kedere bí iná ọkọ̀ ọlọ́pàá.

"Ta ló fi ránṣẹ́ sí ẹ?"

"Ẹnìkan tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ sí. Ó ti kárí ibi gbogbo." Skaar nu orí tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. "Ọ̀rẹ́ àtìgbà kékeré. Mo bi ẹ́ nípa ibẹ̀ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, o ní kòkòrò lásán ló wà níbẹ̀."

"Skaar..."

"Kòkòrò yìí mà tóbi o!"

Gbogbo ilé ọtí bú sẹ́rìn-ín. Mi ò jẹ ẹja kankan. Mo jáde síta, mo pe Preston lórí fóònù nínú òtútù.

"Àwòrán yẹn ti jáde," ni mo wí. "Òrùlé pupa wà nínú ẹ̀. Ìwọ lo fọ́n ọn ká, àbí ìwọ kọ́?"

Ó ní, "Ẹ má bínú, sà."

Mo bú u. Mo ní ẹnu rẹ̀ dà bí apẹ̀rẹ̀ tí kò nídìí. Mo ní ìyá tó fi búra, kó lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ẹja tí àwọn ènìyàn gidi fi ọjọ́ ayé wọn wá, ó ti fi tà fún àwọn tí kò mọ nǹkan kan, kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ní kó má fẹsẹ̀ tẹ ilé mi lọ́jọ́ ọdún Ìdúpẹ́ tí ẹbí máa ń jọ jẹun, tòlótòló wa kò kárí òpùrọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń tún sọ ni pé kí n má bínú. Corinne ló gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ níkẹyìn.

"Bí Preston ò bá wá, èmi náà ò wá."

"Corinne, ẹja yẹn..."

"Ẹ máa bá ẹja yín jẹun, Dádì." Ó pa fóònù.

Lọ́jọ́ kejì, ariwo ẹ́ńjìnnì ló jí mi. Mo wo ojú fèrèsé, mo rí ọkọ̀ níwájú òrùlé pupa bí eṣinṣin lórí ojú egbò. Àwọn mìíràn tilẹ̀ fi ọkọ̀ ilẹ̀ fa tiwọn wá láti ibi tí mi ò dé rí. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé láti ki eyín àtọwọ́dá mi bọ ẹnu.

Òfin kan wà lórí omi wa tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀: ibi tí ọkọ̀ kan bá ti ju ìdákọ̀ró sí, ẹlòmíràn kì í ju ìwọ̀ síbẹ̀. Nítorí náà, kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó mọ́, mo ti wà lórí àpáta, ìdákọ̀ró mi ti wà nísàlẹ̀, mo jókòó ságbede méjì rẹ̀ láìmú ọ̀pá lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe lójoojúmọ́ láti ìgbà náà, láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Yìnyín ti ń ti etí omi bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá lè di ibẹ̀ mú títí adágún á fi dì pa, Ìyá Àgbà bọ́. Kí ìgbà ìrúwé tó dé, wọ́n á ti rí nǹkan mìíràn máa yà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ọkọ̀ olówó ńlá rà bàbà yí mi ká títí ó fi sú u. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ máa pẹ́ níbẹ̀?"

"Títí omi á fi dì."

"Ẹ ò kúkú ju ìwọ̀."

"Mò ń gbàdúrà."

"Adágún ìjọba ni o! Gbogbo wa la ni ín!"

"Gbogbo wa náà la ni òtútù. Ju ìdákọ̀ró tìẹ, kí o wá gba ìpín ẹ."

Ó ṣépè fún mi, ó lọ. Àwọn mìíràn ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ti kú dé kókósẹ̀, ikọ́ sì mú mi. Nílé, Arlys á gbé omi gbígbóná fún mi kí n ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kò sì ní wo ojú mi. Mo rò pé nítorí Corinne ni. Èmi náà ò bẹ̀ ẹ́. Ṣé èmi ni mo tú àṣírí?

Ọjọ́ Ìdúpẹ́ pé. Mo lọ sórí àpáta bí ti àtẹ̀yìnwá, nítorí àwọn aláìníṣẹ́ kì í bọ̀wọ̀ fún ọdún. Nígbà tó di ọ̀sán, mo rí ọkọ̀ kékeré alájẹ̀ tó máa ń wà lábẹ́ àtẹ́gùn wa tó ń bọ̀. Arlys ló wà nínú rẹ̀. Arlys, tí kò fẹ́ràn omi, tí kò wọ ọkọ̀ láti ìgbà tí Corinne ti wà ní kékeré! Ó ń fi àjẹ̀ fọ́ yìnyín tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà létí omi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, síkáàfù rẹ̀ ti ṣubú sọ́rùn.

"Ṣé orí ẹ pé?" ni mo kígbe. "Ṣé o fẹ́ kú ni?"

"Dákẹ́, Leland. Di ọkọ̀ yìí mú fún mi."

Mo dì í mú. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé orókún, ó kọ́kọ́ mí dáadáa.

"Èmi ni," ló wí.

"Ìwọ ni kí ni?"

"Àwòrán. Èmi ni mo fi ránṣẹ́ sí Bernadine." Bernadine ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. "Ó fi han àwọn ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ọkọ ọ̀kan nínú wọn ń pẹja. Mi ò mọ̀ nípa òrùlé kankan. Mi ò wo òrùlé."

Mo wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. Mo ní, "Kí lo wá ń wò?"

"Ìwọ ni mò ń wò!" Ohùn rẹ̀ ròkè dé òdìkejì omi. Inú ń bí òun náà. "Lọ wo gbogbo àwòrán tó wà nínú ilé wa. Níbi ìgbéyàwó Corinne, o dúró bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yẹgi fún. Níbi ìgbéyàwó tiwa, kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ogójì ọdún, Leland! Mo wá rí ẹ nínú fóònù, tí ò ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Kí ni kí n ṣe? Kí n fi pamọ́? Mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, 'Wo ọkọ mi.'"

Ìbínú wà lẹ́nu mi bí itọ́, mi ò sì rí ẹni tí màá tu ú sí lára.

"Preston," ni mo wí. "Ó sọ pé òun ni."

"Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí o má bínú ni."

"Ṣé ó mọ̀ pé ìwọ ni?"

"Èmi nìkan ló fi ránṣẹ́ sí. Corinne kàn wò ó lórí fóònù ọkọ ẹ̀ ni. Ta ni ìbá tún jẹ́?"

"Kí ló wá dé tó fi dákẹ́, tó jẹ́ kí n bú òun tó bẹ́ẹ̀? Mo bú ìyá ẹ̀ mọ́ ọn, Arlys!"

"Mo pè é lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ní màá jẹ́wọ́ fún ẹ. Ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, 'Mọ́mì, èmi wà ní Ṣikágò ní tèmi. Ẹ̀yin lẹ jọ ń gbélé.'"

Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀! Ta ló rán an? Ta ló ní kó gba ìyà tí kì í ṣe tirẹ̀ jẹ, kí àlàáfíà lè wà nínú ilé mi, láàárín èmi àti ìyàwó tí mo fi ọwọ́ ara mi fẹ́ nígbà tí wọn ò tíì bí òun? Mo lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ títí ọwọ́ fi ń dùn mí. Nínú gbogbo ìwọ̀sí tí wọ́n ti fi lọ̀ mí lórí omi yẹn, kò sí èyí tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì kan ń bọ̀ láti òdìkejì. Arlys gbójú sókè, ó gbọ́ ọ, ó sì dìde.

"Bọ́ sínú tèmi," ló wí. "Lọ pe ọmọ náà. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbí."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi á jókòó tì í."

A gbapò ara wa tìṣọ́ratìṣọ́ra, mo sì bọ́ kóòtù mi lé e léjìká. Bí mo ṣe ń fi àjẹ̀ wakọ̀ lọ, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi tó ń pariwo sí ọkọ̀ tó ń bọ̀ pé ènìyàn wà níbí, kí wọ́n yà. Wọ́n yà.

Inú ṣì ń bí mi nígbà tí mo gun àtẹ́gùn. Ọwọ́ mi tutù débi tí nọ́ńbà kò fi tètè wọlé. Preston gbé e lẹ́ẹ̀kan náà.

"Sà?"

Gbogbo èébú tí mo ti tò sílẹ̀ lójú ọ̀nà fún ìwà akíkanjú tí ẹnikẹ́ni ò rán an, mo wá a, mi ò rí ìkankan.

"Má pè mí ní sà," ni mo wí. "Bàbá ẹ ló ń pè ẹ́. Gbé ìyàwó ẹ, kí ẹ máa bọ̀ wá jẹun."